Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìwádìí Ẹjọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Iṣẹ́ Náà

Àwọn àgbà máa ń ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Lójúde ilé, ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Níwájú adájọ́, kò tó rárá. Olùwádìí ní láti béèrè ohun tí ọmọ náà jẹ lálẹ́ àná, ẹni tó fún un, ìgbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, oògùn tí wọ́n lò fún un, àti ẹni tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ igbe àjẹ́ náà. Mo ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, fún akọ̀wé lọ́yà, fún ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ wádìí owó tó sọnù, àti fún ẹbí tó fẹ́ mọ òótọ́ nípa ilẹ̀ kí wọ́n tó náwó. Òfin Nàìjíríà ni mo fi ṣe òdiwọ̀n. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó wà lọ́kàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ẹ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó wá ẹni tó ṣe é, kí ẹ sì kó o jọ lọ́nà tí àjèjì tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ náà fi lè yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Ẹ mọ irú ẹjọ́ tó wà nílẹ̀

Ká ní ìyá kan ní ìsọ̀ aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó rí i pé ìdì àǹkárá mẹ́rìnlá kò sí níbi tí wọ́n wà. Bí ẹnì kan bá já àgádágodo kó wọn lọ, olè nìyẹn, ìjọba ló máa gbé e lọ sí kóòtù. Bí oníbàárà bá kó wọn láwìn tí kò san owó, gbèsè nìyẹn, ọlọ́jà àti onígbèsè ló máa kojú ara wọn. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn kí wọ́n gbé onígbèsè lọ sí tésàn kí ọlọ́pàá lè bá wọn gbowó. Òfin kò fàyè gbà á. Abala 8 òfin ACJA (òfin tó ń darí bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn) ti ọdún 2015 àti abala 32 òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ ní kedere pé a kò gbọdọ̀ torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan mú ẹnikẹ́ni.

Ààlà yìí a máa fara sin nígbà mìíràn. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí san gbèsè, tí wọ́n gbé ṣẹ́ẹ̀kì náà lọ sí báǹkì láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ tí báǹkì sì dá a padà, ti kó sí abẹ́ òfin ọ̀daràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwìn ló bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fún ẹjọ́ lórúkọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán.

Ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì ni pé ẹ̀rí tí kóòtù ń béèrè kò rí bákan náà. Nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 135 ní kí ẹ̀sùn ọ̀daràn dájú kọjá iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání. Abala 134 ní kí ẹjọ́ láàárín ẹni sí ẹni dúró lórí ẹ̀rí ẹni tí tirẹ̀ bá tẹ̀wọ̀n jù. Ohun tó tó láti gba owó padà lè má tó láti sọ ẹnì kan sẹ́wọ̀n.

2. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa fi hàn sílẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójú ewé tirẹ̀

Kí kóòtù tó pe nǹkan ní olè jíjà, ó ní láti hàn pé nǹkan náà ṣeé jí, pé ti ẹlòmíràn ni, pé afurasí gbé e tàbí sọ ọ́ di tirẹ̀, àti pé èrò ẹ̀tàn wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ohun mẹ́rin nìyẹn, ojú ewé mẹ́rin. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹ̀rí tí ẹ ní àti ibi tí ẹ ti rí i. Ojú ewé tó bá ṣófo ló ń sọ ibi tí ẹ máa lọ lọ́la.

Ẹ̀yà tí wọ́n máa ń fojú fò jù ni ti ẹni tó ni nǹkan. Gbogbo ọjà mọ̀ pé ìyá náà ló ni ìsọ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ kì í ná ọjà náà. Rìsíìtì tó fi ra àǹkárá dà? Ìwé tó ń kọ ọjà sí dà? Ta ló kà á kẹ́yìn, ní ọjọ́ wo?

3. Ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ lo ìwé tí wọ́n rán pọ̀, tí ojú ewé rẹ̀ ní nọ́ńbà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ fa ewé ya. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tí ẹ wà, àwọn tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣi nǹkan kọ, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo lé e lórí kó ṣì ṣeé kà, kí ẹ fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ ọ́ níbẹ̀, tàbí ní kété tí ẹ bá kúrò níbẹ̀.

Ẹ ya ohun tí ẹ rí sọ́tọ̀ kúrò nínú èrò yín. “Ọ̀mùtí ni” jẹ́ èrò. “Òórùn ọtí ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan, ìgò méjì tó ti ṣófo wà lábẹ́ àga” jẹ́ ohun tí ojú rí. Ẹ jẹ́ kí adájọ́ fúnra rẹ̀ pè é ní ọ̀mùtí.

4. Ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀

Edmond Locard, tó dá yàrá ìwádìí ọlọ́pàá sílẹ̀ ní Lyon nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1910, ló fi kọ́ ayé pé ohun méjì kì í fara kan ara wọn kí ọ̀kan má fi nǹkan sílẹ̀ sára èkejì. Ẹni tó wọ yàrá fi nǹkan síbẹ̀, ó sì mú nǹkan jáde: eruku, irun, òwú aṣọ, ìlà ìka. Ìṣòro tiwa ni pé kí ọlọ́pàá tó dé, gbogbo àdúgbò ti wọlé wá bá wọn kẹ́dùn, ẹnì kan sì ti gbá ilẹ̀ torí àlejò. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti gbá ẹ̀rí lọ. Bí ẹ kì í bá ṣe ọlọ́pàá, iṣẹ́ yín níbẹ̀ kò ju kí ẹ tọ́jú ẹni tó fara pa, kí ẹ pe 112, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti wọlé.

Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni:

Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ná, kí ẹ wò. Ẹ ya fọ́tò láti òkèèrè kí gbogbo ibẹ̀ hàn, lẹ́yìn náà láti àárín, lẹ́yìn náà ní ìtòsí pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun náà. Ẹ ya àwòrán ibẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ fi tépù wọn bí ohun kan ṣe jìnnà sí èkejì. Fọ́tò kì í sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Aṣọ tó ní ẹ̀jẹ̀ tàbí tó tutù, ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi tí oòrùn kò dé, kí ẹ wá fi pépà dì í. Bí ẹ bá dì í sínú ọ̀rá, ó máa bu, ẹ̀rí inú rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ohun kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀. Lára àpò náà, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ibi tí ẹ ti mú un, ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó mú un. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Bí ọjọ́ méjì bá wà tí kò sí ẹni tó lè sọ ọwọ́ ẹni tí ọ̀bẹ náà wà, ọjọ́ méjì yẹn ni lọ́yà olùjẹ́jọ́ máa gbá mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó yẹ kí gbogbo olùwádìí mọ̀. Lọ́dún 1892, ní Necochea lórílẹ̀-èdè Argentina, wọ́n pa ọmọ méjì nínú ilé. Ìyá wọn, Francisca Rojas, nawọ́ sí aládùúgbò kan. Wọ́n mú ọkùnrin náà, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, kò jẹ́wọ́. Ọlọ́pàá tí Juan Vucetich ti kọ́ ní ìmọ̀ ìlà ìka ló padà lọ sí ilé náà, ó rí àmì àtàǹpàkò ẹlẹ́jẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ó gé ibẹ̀ mú lọ. Àtàǹpàkò ìyá náà ni. Ìgbà tí wọ́n gbé e sí i níwájú ló jẹ́wọ́. Gbogbo ohun tí ìlú gbà gbọ́ ń tọ́ka sí ọkùnrin yẹn. Pákó kékeré kan ló gbà á sílẹ̀.

Nípa DNA, ìyẹn àmì àjogúnbá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ara ènìyàn, ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ilé ìwádìí tirẹ̀ lọ́dún 2017. Nínú rògbòdìyàn oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n dáná sun ún, bí wọ́n ṣe sun ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Igbóṣẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé àti fọ́tò yín, kí ẹ sì fi wọ́n pamọ́ síbi méjì tó jìnnà síra.

5. Ìbéèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí

Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ gbọ́ ti ẹni tó fẹ̀sùn kàn, ẹ gbọ́ ti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ẹ wá ẹni kẹta tí kò jẹ nínú rẹ̀. Ẹ ya àwọn ẹlẹ́rìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó bi wọ́n. Bí wọ́n bá jókòó pa pọ̀ fún wákàtí kan, ìtàn ẹni tó lẹ́nu jù ni gbogbo wọn máa sọ.

Ẹ kí wọn dáadáa. Bí àgbà bá ni, ẹ jókòó, kí ẹ béèrè àlàáfíà ilé, kí ẹ tó yọ ìwé. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tó gbòòrò: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ rí ní alẹ́ ọjọ́ náà?” Ẹ má ṣe sọ pé “Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ wọn lẹ rí?” torí ẹ ti fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán láìdá wọn lẹ́nu. Ẹ wá padà sí ibi tí kò yé yín: Ibo lẹ dúró sí? Ṣé iná wà lóru yẹn àbí NEPA ti mú un lọ? Kí ló wà láàárín ẹ̀yin àti ẹni náà? Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n rí? Ṣé ẹ fojú ara yín rí i, àbí ẹnì kan ló sọ fún yín? Bí wọ́n bá sọ pé ẹnì kan ló sọ, ẹ gba orúkọ ẹni yẹn, kí ẹ lọ bá a, torí kóòtù kì í sábà gba “wọ́n ní”.

Àwọn àgbà kan máa ń ní, “Ohun tójú mi rí, ẹnu mi ò lè ròyìn ẹ̀.” Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì rọra béèrè ohun tí ojú náà rí gan-an.

Ibì kan wà tí èdè wa gba ìṣọ́ra púpọ̀, pàápàá bí wọ́n bá máa gbé ọ̀rọ̀ náà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹlẹ́rìí bá ní “ó wọlé, ó gbé e,” kò tíì sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bó bá ní “wọ́n wọlé,” ó lè jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan, ó lè jẹ́ ènìyàn márùn-ún. “Ẹ̀gbọ́n mi” lè jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò. Ẹ béèrè kí ẹ tó kọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá bó ṣe sọ ọ́, ẹ kà á sí i létí, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni kó tẹ̀ lé e, kí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sì kọ orúkọ. Ìwé méjèèjì ló ń lọ sí kóòtù. Olùwádìí tó gbọ́ Yorùbá tó kọ Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀ ti fi èrò tirẹ̀ kún un láìmọ̀.

6. Afurasí

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́pàá kà lẹ́ẹ̀mejì. Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fún afurasí ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí tó fi máa bá lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹni tó bá yàn sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú un. Bí ilé ẹjọ́ tó láṣẹ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó bójú mu. ACJA ní kí ó sọ̀rọ̀ níṣojú lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn, ó sì fàyè gba kí wọ́n ká ìjẹ́wọ́ rẹ̀ sínú fídíò. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní irú òfin yìí tirẹ̀. Èkó ló kọ́kọ́ ṣe é, lọ́dún 2007. Abala 7 ACJA sì sọ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú ìyá dípò ọmọ tó sá lọ.

Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà gbà kò wúlò. Abala 29 Òfin Ẹ̀rí sọ pé kóòtù kò ní gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bákan náà ni òfin tó lòdì sí ìfìyàjẹni ti ọdún 2017 lè sọ ọlọ́pàá tó ṣe é sẹ́wọ̀n tó tó ọdún 25. Bí ẹ bá ti ṣe ìpele 1 sí 5 dáadáa, ẹ kò ní nílò ìjẹ́wọ́ kí ẹjọ́ yín tó dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèwádìí fún iléeṣẹ́ tàbí fún ẹbí, ẹ kò láṣẹ láti ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ níbi tó ti ń ṣọṣẹ́, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

7. Ìwé, fóònù àti báǹkì

Ẹ̀dà ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ọ́fíìsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ọjọ́, orúkọ òṣìṣẹ́, ipò rẹ̀ àti ìbọwọ́lùwé. Ẹ tọ́jú rìsíìtì owó tí ẹ san fún un. Bí iléeṣẹ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀, ẹ wo orúkọ rẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀) kí ẹ tó gba ohunkóhun tó wà lórí káàdì gbọ́.

Fún ọ̀rọ̀ WhatsApp, ẹ má ṣe fọ́wáàdì rẹ̀ kí ẹ pa ojúlówó rẹ́. Fóònù tó gbà á gan-an ni kí ẹ tọ́jú. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí fẹ́ ìwé ẹ̀rí tó sọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lákòókò náà, pẹ̀lú ìbọwọ́lùwé ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Kámẹ́rà ọjà àti ti báǹkì máa ń pa àwòrán àtijọ́ rẹ́ láti gba tuntun sílẹ̀, torí náà ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ẹ má ṣe já wọ fóònù tàbí ímeèlì ẹlòmíràn: ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2015.

8. Ìwádìí ilẹ̀

Nínú ẹjọ́ ẹni sí ẹni, ilẹ̀ ló ń pa owó àwọn ènìyàn wa jù, pàápàá àwọn tó wà ní London tàbí Houston tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé. Bí mo ṣe máa tò ó nìyí.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé sọ́fè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà. Ẹ mú awọnlẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín yàn dé orí ilẹ̀ náà kó wò ó bóyá nọ́ńbà inú ìwé bá ilẹ̀ mu. Kó wá gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àkọsílẹ̀ ilẹ̀ náà ní ibi tí wọ́n ń fi ìwé ilẹ̀ sí; ní Èkó, Aláùsá ni. Ẹ wo ẹni tó wà lórí ìwé, bóyá ó ti fi yá owó ní báǹkì, àti bóyá gómìnà fọwọ́ sí títà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ń béèrè fún un. Ẹ dé kóòtù tó sún mọ́ ibẹ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀.

Bí ilẹ̀ ẹbí bá ni, ọ̀rọ̀ ènìyàn ló kù. Ta ni olórí ẹbí, tàbí mọ́gàjí? Àwọn ojúlé mélòó ló wà, ta ló ń ṣojú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika lọ́dún 1959 ni òfin ti dúró lórí pé bí àwọn àgbà ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò wáyé rárá. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìsí wọn, wọ́n lè lọ yí i padà ní kóòtù. Ẹ má ṣe gba ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo fọwọ́ sí.

Nígbà tí ẹjọ́ bá ti wà nílẹ̀, ẹ rántí ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lọ́dún 1976, tó ka ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà fi hàn pé a ni ilẹ̀: ìtàn ìbílẹ̀, ìwé, ìlò ilẹ̀ bí onílẹ̀, gbígbé orí rẹ̀ pẹ́, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ẹni tó bá yan ìtàn ìbílẹ̀ ní láti sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, bó ṣe rí i gbà, àti orúkọ gbogbo ẹni tó ti ọwọ́ rẹ̀ gbà á títí dórí ẹni tó ń pe ẹjọ́. Bí okùn yẹn bá já níbì kan, ìtàn náà ti wó. Ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà nísinsìnyí tí wọ́n ṣì rántí, ẹ ká ohùn wọn sílẹ̀, ẹ béèrè igi, odò àti ojúbọ tó jẹ́ ààlà, kí ẹ sì bá wọn dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe jáfara, nítorí ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 12 láti pe ẹjọ́, ẹni tí wọ́n jẹ lówó lórí àdéhùn sì ní ọdún 6.

9. Ẹ dán èrò yín wò

Ẹ to gbogbo ohun tí ẹ rí sí orí ìwé kan ní ìtẹ̀léra aago. Ẹ wá kọ ó kéré tán àlàyé méjì tó lè bá a mu. Ní ìsọ̀ Gbági yẹn, bóyá wọ́n já ilẹ̀kùn lóòótọ́. Bóyá ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kejì ló kó o. Bóyá wọ́n ka ọjà náà ní àṣìkà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tàbí wọ́n ti kó o lọ sí ìsọ̀ kejì tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá ohun tó máa dá afurasí láre pẹ̀lú agbára kan náà tí ẹ fi ń wá ohun tó máa dá a lẹ́bi. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kódà bí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín kò bá fẹ́ gbọ́ ọ.

10. Ìwé ìròyìn, àti ibi tí ẹ ti máa kọ́ sí i

Ìwé ìròyìn yín gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín, ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ wo, ohun tí ẹ rí, ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, àti ohun tí kò tíì yanjú. Ti ọ̀daràn máa ń lọ sọ́dọ̀ DPP (olùdarí ìpẹ̀jọ́ ìjọba) fún ìmọ̀ràn bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ti ẹni sí ẹni ń lọ sọ́dọ̀ lọ́yà.

Fún ìdánrawò, ẹ lọ jókòó ní kóòtù májísíréètì tàbí ti gíga. Gbangba ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́, ẹ kò nílò ìwé ìpè. Ẹ múra dáadáa, ẹ pa fóònù, ẹ mú bírò. Ẹ dúró de ìgbà tí IPO (ọlọ́pàá tó wádìí ẹjọ́ náà) bá wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí, kí ẹ kọ gbogbo ìbéèrè tí lọ́yà olùjẹ́jọ́ bi í. Irú èyí lẹ máa gbọ́: Aago mélòó lẹ débẹ̀? Ta ni ẹ bá níbẹ̀? Ṣé ẹ lọ sí ibi tí afurasí sọ pé òun wà lálẹ́ ọjọ́ náà? Èdè wo ló sọ nígbà tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ta ló túmọ̀ rẹ̀? Ọwọ́ ta ni ohun ẹ̀rí yìí wà kó tó dé ibí? Tí ẹ bá délé, ẹ ṣí fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.